Òdòdó Tí A Gé Kò Tíì Kú

  

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ kékeré kan lójú yín. Òdòdó róòsì kan rèé. Àárọ̀ àná ni mo gé e. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì láìfi omi sí i. Ẹ wo bí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá wí lójú èrò. Ọmọ mi, bá mi gbé abọ́ omi yẹn wá. Mo ti ẹnu igi òdòdó náà bọ inú omi, mo fi ọ̀bẹ mímú gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀ láì jẹ́ kí ó yọrí síta, mo sì tẹ́ gbogbo rẹ̀ sínú omi bí ọmọ tí a ń wẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ níbẹ̀. A ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ òní ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbí, ẹnì kan nínú ẹbí mi bi mí pé: "Àǹtí, ṣé ọ̀rọ̀ òdòdó ló yẹ kí ẹ lọ sọ ní Ìgbẹmọ Èkìtì? Ìlú ìrẹsì mà ni Ìgbẹmọ." Mo ní ìdí rẹ̀ gan-an tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń gbin ìrẹsì mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ará ìgboro kò mọ̀: ọjọ́ ìkórè kọ́ ni iṣẹ́ ń parí. Ìrẹsì tí a kò bá sá dáadáa, tí omi inú rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 14 nínú 100, yóò bu nínú àpò, gbogbo làálàá oko á sì wọmi. Gbígbẹ ni ẹ̀mí ìrẹsì.

Obì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sá obì sóòrùn ti ba obì jẹ́. Inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́ ni àwọn ìyá olóbì ń kó gbànja sí. Wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á máa tú u wò lóòrèkóòrè, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti mú kúrò, wọ́n á sì pààrọ̀ ewé tó bá gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni obì ṣe ń pé oṣù púpọ̀ tí ara rẹ̀ á ṣì máa dán. Ẹ̀fọ́ ní tirẹ̀ ń fẹ́ omi àti ibòji. Ẹ dé Ọjà Ọba tàbí Ọjà Bísí ní Adó-Èkìtì, ẹ ó rí àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ wọ́n omi sórí ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀, tí wọ́n da àpò tútù bo ìdì tí wọn kò tíì tú. Kò sí ẹni tó rán wọn lọ sí yunifásítì nítorí rẹ̀.

Ohun mẹ́ta, ọ̀nà ìpamọ́ mẹ́ta. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju pé àbúrò ẹ̀fọ́ ni òdòdó. Ẹni tó bá mọ ẹ̀fọ́ tọ́jú ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìtìjú ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ òdòdó fún ìgbéyàwó kan ní Adó, ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni mo lọ gé òdòdó nínú ọgbà, nǹkan bí aago méjì, tí oòrùn ń ta bí ata. Mo dì wọ́n, mo kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ láìfi omi sí i. Ẹ̀yìn ọkọ̀ kan náà ni mo kó odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pípọ́n kan sí, nítorí èmi náà ni wọ́n ní kí n bá wọn ra dòdò ayẹyẹ. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, òdòdó tí mo bá níbẹ̀ kò yẹ iwájú pẹpẹ, ẹran ọ̀sìn nìkan ló yẹ. Mo gbé e lọ fi han ìyá mi. Ẹ̀fọ́ ni ìyá mi tà tí wọ́n fi tọ́ wa. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní: "Ṣé wàá gé ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án gangan?"

Láti ọjọ́ náà, bí ohunkóhun bá fẹ́ dojú rú fún mi nínú iṣẹ́ òdòdó, ìbéèrè ìyá mi ni mo máa ń padà sí.

Kí wá ló ń mú òdòdó rọ? Ewé àti òdòdó ń mú omi jáde lára wọn láti inú àwọn ihò kéékèèké tí ojú lásán kò rí, bí ènìyàn ṣe ń làágùn. Bí omi ti ń jáde lókè ni ó ń fa omi mìíràn tẹ̀ lé ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, nínú àwọn iṣan tóóró inú igi, omi so mọ́ omi bí ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1894 ni àwọn onímọ̀ méjì ní Dublin, Dixon àti Joly, gbé àlàyé yìí jáde, òun náà sì ni wọ́n ṣì fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé títí dòní. Nígbà tí a bá gé òdòdó, ọ̀bẹ wa já ẹ̀wọ̀n náà. Lókè, òdòdó kò mọ̀ pé wọ́n ti gé òun. Ó ṣì ń làágùn, ó ṣì ń mí, ó ṣì ń fa omi. Nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Ẹ rántí ọmọdé tó ń fi sítírọ́ọ̀ tó lu mu mínírà: yóò fà títí, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò máa kan ahọ́n rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ní òdòdó tí a gé kò tíì kú. Aláìsàn tí ó ń pòùngbẹ ni. Àwa ni nọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ọ̀tá mẹ́rin ni aláìsàn yìí ní. Òùngbẹ ni àkọ́kọ́, mo ti sọ ọ́.

Ìdọ̀tí ni èkejì. Ẹ ti rí omi inú ìgò òdòdó tí ó pé ọjọ́ mẹ́ta, tó ń yọ̀ bí ilá tó ti kan, tó sì ń rùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló pọ̀ sínú rẹ̀. Ewé tí a jẹ́ kí ó rì sínú omi ni oúnjẹ wọn: ewé náà á jẹrà, wọn á pọ̀ sí i, wọn á sì lọ dí ẹnu àwọn iṣan tóóró yẹn pa. Omi kún inú ìgò, òùngbẹ sì ń pa òdòdó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní, "Ṣebí mo fi omi sí i!" Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi omi sí i, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ ti dí.

Ooru ni ẹ̀kẹta. Òdòdó ń mí, oúnjẹ tó kù nínú ara rẹ̀ ló sì fi ń mí. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, mímí náà yóò di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Oúnjẹ tí ìbá jẹ fún ọjọ́ mẹ́fà, ó lè jẹ ẹ́ tán ní ọjọ́ méjì. Ọyẹ́ burú ní ọ̀nà tirẹ̀: ara lè tutù lówùúrọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ rẹ̀ ń fa omi lára òdòdó bó ṣe ń fa omi létè wa tí ètè ń bẹ́. Fáànù tí a kọjú sí òdòdó, ọyẹ́ àfọwọ́fà ni.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tó mú mi ní ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé bí a bá fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tètè pọ́n, a ó kó o pọ̀ mọ́ èyí tó ti pọ́n, a ó sì bò ó. Kí ló ń jáde lára pípọ́n tó ń mú dúdú pọ́n? Afẹ́fẹ́ kan ni, ethylene ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1901, ní ìlú St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Neljubov rí i pé ọmọ ewébẹ̀ tí òun gbìn sínú ilé tí wọ́n ti ń tan iná gáàsì kò dàgbà bó ṣe yẹ. Ó wádìí, ó sì bá ethylene nínú gáàsì náà. Ní 1908, Crocker àti Knight ní Chicago fi hàn pé afẹ́fẹ́ kan náà ló ń mú kí òdòdó carnation pa ojú dé bí ẹni tó sùn. Ohun tó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n ló ń sọ òdòdó di arúgbó. Ó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ pípọ́n. Ó wà nínú èéfín igi ìdáná àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Òdòdó tó ti ń kú náà ń tú u jáde sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ yọ èyí tó bá rọ kúrò láàárín wọn, bí olóbì ṣe ń ṣa obì tí kòkòrò mú.

Ẹ wá wo ohun tí a ń ṣe níbi ẹrù ìyàwó. Apẹ̀rẹ̀ èso tó kún fọ́fọ́, a ó wá gún òdòdó tútù mọ́ ọn yí ká, a ó fi ọ̀rá dídán wé gbogbo rẹ̀ pinpin. A ti ti ìyàwó àti orogún mọ́ yàrá kan náà nìyẹn, a sì ti ilẹ̀kùn pa.

Ìtọ́jú wá kù. Àsìkò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé òdòdó ní ìdájí, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, tí igi ti fi gbogbo òru mu omi yó. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Kí ọ̀bẹ tàbí sísọ́ọ̀sì mú gan-an, nítorí ọ̀bẹ kíkú ń tẹ iṣan fọ́ ni, kì í gé e. Kí gígé náà dagun, kí ẹnu rẹ̀ má baà jókòó pẹlẹbẹ sí ìdí ìgò kí ó sì dí. Kí garawa omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú ọgbà. Ẹ má sọ pé ẹ ó dé ilé kí ẹ tó fi omi sí i. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ omi, kí ẹ tún un gé nínú omi bí mo ṣe ṣe lójú yín. Gbogbo ewé tí omi máa bò, ẹ já a kúrò. Kí ẹ wá gbé e síbi tí ó ṣókùnkùn, tí ó tutù, fún wákàtí mélòó kan, kí ó mu omi yó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.

Omi wá ńkọ́? Ẹ fi ọṣẹ fọ ìgò bí ẹni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi í mu omi. Omi inú ọ̀rá méjì, èyí tó jẹ́ ìdajì lítà lọ́kọ̀ọ̀kan, di lítà kan. Ẹ fi ṣúgà ṣíbí ìjẹun kan sí i. Oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fún oje ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun méjì sí i, nítorí omi tó kan díẹ̀ ń tètè gòkè nínú igi. Ẹ ro ó pọ̀. Ẹ wá kán ìdajì ṣíbí tíì bíliìsì tí a fi ń fọ aṣọ funfun sí i, kí kòkòrò má baà ráyè. Ṣúgà láìsí bíliìsì, àsè lẹ sè fún kòkòrò. Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí o: ẹ kò gbọ́dọ̀ da bíliìsì sórí oje ọsàn tí omi kò tíì là, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń ta ihò imú, ó sì ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà. Inú omi púpọ̀ ni kí wọ́n ti pàdé. Kí ọmọdé má sì débẹ̀. Ní ọjọ́ kejì-kejì, ẹ da omi náà nù, ẹ ṣe tuntun, kí ẹ sì tún gé ẹnu igi òdòdó díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà kì í ní ìwà kan náà. Òdòdó pupa ńlá tí a fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká, hibiscus, ẹbí ilá, ìṣápá àti òwú ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ilá, ẹ mọ̀ pé òdòdó rẹ̀ ń là lówùúrọ̀, kò sì ní là mọ́ ní ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni hibiscus. Ẹ fi omi sí i o, ẹ má fi sí i o, ọjọ́ kan ni tirẹ̀. Nítorí náà, àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ gan-an ni kí ẹ já a, kí ẹ tò ó sórí tábìlì, kí ẹ má sì da ara yín láàmú.

Bougainvillea ẹlẹ́gùn-ún tó ń gun ògiri, àwọ̀ tí ẹ ń rí lára rẹ̀ yẹn, ewé ni. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni funfun tíntín tó wà láàárín. Òun náà, ọjọ́ ayẹyẹ ni kí ẹ gé e. Allamanda yẹ́lò àti igi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní frangipani ń sun oje funfun bí igi rọ́bà. Oje yẹn á dì, á sì dí ẹnu iṣan. Ẹ fi iná àbẹ́là ra ẹnu rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, oje á dá, kí ẹ tó ki í bọ omi. Heliconia, ẹbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó pupa tó sì yọ ṣóńṣó, ní agídí tirẹ̀: bí ẹ bá ti gé e, kò ní là ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó là tó kí ẹ tó gé e. Kì í fi ẹsẹ̀ mu omi púpọ̀. Ẹ rì í sómi látòkè délẹ̀ fún bí wákàtí kan. Ẹ má sì gbé e sí fíríìjì, ọmọ ilẹ̀ olóoru ni, òtútù á sọ ọ́ di dúdú. Róòsì ní tirẹ̀ fẹ́ràn òtútù. Ìgbà tí etí rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ni kí ẹ gé e.

Ẹ má gbàgbé òdòdó yẹ́lò ẹ̀bá títì, tí àwọn kan ń pè ní jogbo, tó máa ń bo ọ̀nà oko láti ìparí òjò. Ọ̀fẹ́ ni. Ìdájí ni kí ẹ gé e, kí ẹ já ewé rẹ̀ dànù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ti fi í ṣe ọ̀ṣọ́ rí, àwọn àlejò sì bi mí pé èló ni mo rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọ̀ṣọ́ ayẹyẹ, ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún yín. Fóòmù aláwọ̀ ewé tí ẹ ń gún òdòdó sí, ẹ má fi ọwọ́ tì í sínú omi. Ẹ gbé e lé ojú omi, kí ó fúnra rẹ̀ rì. Bí ẹ bá tì í, afẹ́fẹ́ á há sí àárín rẹ̀, òdòdó tó bá bọ́ síbẹ̀ á gbẹ, ẹ ó sì máa wá ẹni tó ṣe é. Láti Ìgbẹmọ dé Adó, ẹ tètè jí, kí oòrùn má bá yín lọ́nà. Kí omi díẹ̀ wà nísàlẹ̀ korobá, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tútù bò ó. Òdòdó ni kí ẹ gbé dé ibi ayẹyẹ kẹ́yìn, kí ó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, sí fáànù, àti sí tábìlì èso.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé àṣà òyìnbó ni gbogbo èyí. Mo fẹ́ bi Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè: ta ló rí ibi tí wọ́n ti fi ewé àkòko gbígbẹ jẹ oyè rí? Tútù ni ewé àkòko gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tó dé orí olóyè. Ẹni tí wọ́n rán lọ já a kì í lọ já a lánàá. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ohun tí a gé tó ṣì ní ẹ̀mí nínú ní iyì tí èyí tó gbẹ kò ní. Òdòdó ọ̀rá kì í rọ, òótọ́ ni, nítorí kò wà láàyè rí. Ẹ kàn ní láti máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀ lọ́dọọdún ni.

Owó sì wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú òdòdó tútù tí wọ́n ń tà ní Èkó, òkèèrè ni ó ti wá, tàbí agbègbè Jọ́ọ̀sì tí òtútù wà. Ẹ wo Kẹ́ńyà, ilẹ̀ Áfíríkà bíi tiwa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Naivasha ni wọ́n ti ń gbin róòsì tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Yúróòpù, tí púpọ̀ rẹ̀ ń gba ọjà ńlá Aalsmeer ní Netherlands kọjá. Ilẹ̀ wọn ga, ó sì tutù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan kọ́ ló gbé róòsì náà dé ọ̀hún láìrọ. Bí wọ́n ti ń gé e ni wọ́n ń fi omi sí i, inú yàrá tútù ni ó ń lọ, inú ọkọ̀ tútù ni ó ń bọ́ sí, wọn kì í jẹ́ kí ooru fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. N kò ní kí Ìgbẹmọ lọ bá Kẹ́ńyà du Yúróòpù. Adó ni mo ń wò. Ìgbéyàwó kò lè ṣàì wà ní Adó ní Sátidé, ìsìnkú kò sì lè ṣàì wà ní Èkìtì. Ẹni tó bá lè gbé òdòdó Ìgbẹmọ dé ibẹ̀ ní aago méje àárọ̀, tí ó ṣì ń dúró ṣánṣán ní aago méje alẹ́, á rí ẹni ra ọjà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má wá olùkọ́ lọ sí ibi tó jìnnà. Ẹ lọ jókòó ti ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan láàárọ̀ ọjà, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó ku róòsì wa tó wà nínú abọ́. Kò tíì tó wákàtí kan tí a tẹ́ ẹ sínú omi, nítorí náà ẹ má tíì lọ wò ó. Mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo sì ń gbọ́ ìró odó. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ jẹ uyán wa. Tí a bá jẹ ẹ́ tán, kí a padà wá gbé róòsì náà sókè. Bí ọrùn rẹ̀ bá ti nà, ẹ ti rí i pé kò tíì kú. Bí kò bá nà, ẹ̀bi mi ni, mo jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ kí n tó gbé e wá síwájú yín.

 Kí Ìgbẹmọ tutù.